Levántate yé mi, àmọ́ kí ló dé tó fi di "no te levantes"?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn jìnnà nínú Sípáníìṣì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá ní kéèyàn dìde, levántate ni, kó jókòó, siéntate, kó máa lọ, vete, ìyẹn ò ni mí lára rárá, "te" yẹn kàn lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ni, ó tán. Ìgbà tó wá kan "má dìde", "má jókòó", "má lọ" ni gbogbo ẹ̀ dojú rú. "Te" ti sáré wá síwájú, "a" ti di "e", àmì tó wà lórí "á" yẹn náà ti pòórá, vete wá di no te vayas tí mi ò rí ibi tí wọ́n ti bára tan. Ṣé òfin kan wà tó di gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni àbí ká kàn máa há a sórí lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ má fi gírámà ńláńlá pa mí o.

Tíṣà_Alẹ́:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Nǹkan méjì péré ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí pé wọ́n jọ ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣe ń dà bíi pé wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni "te" yẹn. Tí "no" bá ti wọlé, "te" ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́, àárín "no" àti ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa wà, á sì dá dúró láyè ara ẹ̀. No te levantes. Ẹni tó bá sọ "no levántate", wọ́n á mọ ohun tó ń wí ṣá, àmọ́ kò ní bá etí wọn mu. "No levantes te" tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ.

Èkejì ni fáwẹ̀lì tó ń yí. Sípáníìṣì ní àṣẹ "ṣe é" tiẹ̀, kò ní àṣẹ "má ṣe é" lọ́tọ̀. Tó bá fẹ́ kọ̀ fún èèyàn, ṣe ló máa ń lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ subjuntivo, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá jẹ́ ohun téèyàn ń fẹ́ ni, tí kì í ṣe ìròyìn. Torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -ar fi máa ń gba "e", tí èyí tó parí sí -er tàbí -ir sì máa ń gba "a". Quejarse di no te quejes, ìyẹn má ráhùn. Esconderse di no te escondas, má fara pamọ́. Aburrirse di no te aburras, má jẹ́ kó sú ẹ.

Àmì yẹn ò le rárá. Nínú levanta, orí "van" ni ohùn ti wúwo. Tí "te" bá wá lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti gùn sí i, ohùn fẹ́ sún síwájú, wọ́n wá fi àmì dá a dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀: levántate. Nígbà tí "te" ti kúrò nídìí ẹ̀ nínú no te levantes, kí ni àmì tún fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?

Ọ̀rẹ́_Èdè:
Tíṣà ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n kàn fi èyí tó jẹ mọ́ vayas kún un torí òun ló dà bíi pé ó ń dààmú ẹ jù.

Tó o bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí lẹ́yìn "no te", má wo siéntate, má wo ponte, wọ́n á ṣì ẹ́ lọ́nà ni. Lọ bá "yo", ìyẹn "èmi". Mú bí "yo" ṣe ń sọ ọ́ lónìí, gé "o" tó wà nídìí ẹ̀ kúrò, kó o wá fi fáwẹ̀lì òdìkejì tí tíṣà sọ sí i. Me pongo, gé e, pong-, no te pongas. Me caigo, no te caigas. Me visto, no te vistas. Me duermo, no te duermas. Me muevo, no te muevas. Me río, no te rías. Ṣó o rí i pé gbogbo ìdàrúdàpọ̀ inú ọ̀rọ̀ náà, g tó yọjú lójijì o, "o" tó di "ue" o, inú "yo" ni wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, ìwọ ò nílò láti tún wọn há sórí.

Àwọn tí "yo" wọn ò parí sí "o" nìkan ló ya tara wọn sọ́tọ̀, wọn ò ju mẹ́fà lọ: ser, estar, ir, dar, saber, haber. Nínú àwọn mẹ́fà yìí, irse lo máa lò jù fún ọ̀rọ̀ tá à ń sọ yìí, no te vayas, àti darse, bíi no te des prisa, ìyẹn má kánjú. Vete àti no te vayas ò jọra lóòótọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn gan-an ló ya wèrè, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Há ìyẹn sórí kó o máa lọ.

Ìyá_Ìbejì:
Èmi ò fi gbogbo "gé e, lẹ̀ ẹ́" yìí kọ́ ọ o, ẹ má bínú. Odidi gbólóhùn ni mo gbé sẹ́nu. Tó o bá ti ń sọ̀rọ̀ fún ọmọdé ní Sípáníìṣì, àṣẹ "má" yìí gan-an ni wàá máa sọ láti àárọ̀ dalẹ́. No te subas ahí, má gun ibẹ̀. No te ensucies, má dọ̀tí. No te muerdas las uñas, má jẹ èékánná. No te quites los zapatos, má bọ́ bàtà. No te acerques a la estufa, má sún mọ́ iná. Tó o bá ti sọ irú ẹ̀ títí, ẹnu á máa gbé "te" síwájú fúnra ẹ̀ kó o tó ráyè ronú nípa subjuntivo kankan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé las uñas ni, los zapatos ni, kì í ṣe tus uñas. "Te" yẹn ti sọ ẹni tó ni èékánná, kò tún sídìí láti wí i lẹ́ẹ̀kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín ní òye. Ti "yo" yẹn ti là mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́ tó bá jẹ́ àgbàlagbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Mi ò lè dédé sọ fún ẹni tó jù mí lọ pé "no te preocupes", má ṣàníyàn, àbí?

Tíṣà_Alẹ́:
O béèrè dáadáa. Ibi tí àwa tá à ń sọ Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀ rèé, torí pé "ẹ má" tiwa, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, a lè fi bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, a sì lè fi bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ò yí. Sípáníìṣì pín in sí méjì. Àgbà kan: no se preocupe. Èèyàn púpọ̀: no se preocupen. "n" kékeré tó wà nídìí yẹn ló ń sọ iye èèyàn. "Se" ló sì rọ́pò "te" nínú méjèèjì.

Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n pa wọ́n pọ̀, "no se preocupes", orí ti àgbà, ìdí ti ọ̀rẹ́. Tó o bá ti mú "se", yọ "s" ìdí kúrò. Tó o bá mú "te", "s" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ náà wà lára àwọn tó ò ń bá sọ ọ́, "ẹ má jẹ́ ká", "nos" lo máa lò: no nos quejemos, ẹ má jẹ́ ká ráhùn. No nos vayamos, ẹ má jẹ́ ká lọ. Àwọn èèyàn kì í sábà nílò ìyẹn, kò yẹ kó gbà ẹ́ lákòókò báyìí.

Alárìnká:
Ẹ má gbàgbé Sípéènì o. Lọ́hùn-ún, tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ ni wọ́n tí wọ́n sì pọ̀, vosotros ni "ẹ̀yin" wọn, kì í ṣe ustedes, ìyẹn "ẹ̀yin" tó ń gba "se" àti "n" tí tíṣà sọ: no os preocupéis, no os vayáis, no os durmáis. Gbogbo Latin Amẹ́ríkà ò lo ìyẹn, ustedes ni tiwọn fún ọ̀rẹ́ àti fún àgbà. Torí ẹ̀, mọ ibi tí àwọn tó ò ń bá sọ̀rọ̀ ti wá kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í há éis kiri.

Nǹkan kan tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Tí àwọn ará Sípéènì bá fẹ́ sọ pé "ẹ máa lọ", idos ni ìwé sọ, àmọ́ iros ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n jà lórí ẹ̀ títí tí RAE, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó èdè yẹn, fi gba iros wọlé ní 2017. Tó bá wá jẹ́ "ẹ má lọ", ìjà kankan ò sí, no os vayáis ni gbogbo wọn ń sọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, "má" rọrùn ju "ṣe é" lọ!

Ní Argentina àti Uruguay, vos ni wọ́n ń lò dípò tú, ìyẹn "ìwọ". Levantate ni wọ́n ń sọ, láìsí àmì, torí orí "ta" ni ohùn wọn ti wúwo. Vete ò sí lẹ́nu wọn, andate ni. Àmọ́ tó bá ti di "má", wọ́n padà sí no te levantes, no te vayas bíi ti àwọn yòókù. Ẹ máa gbọ́ no te levantés náà, no te preocupés, lẹ́nu àwọn kan.

Tíṣà_Alẹ́:
Alárìnká, o ṣeun, àmọ́ má kó no te levantés ru ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lójú. Kò sí lára ohun tí wọ́n ń kọ́ọ̀yàn.

Alárìnká:
Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé láwọn ibì kan ní Central America, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láàárín ara wọn. Kí ọmọ yìí má lọ gbọ́ ọ kó wá rò pé ẹni yẹn ò mọ èdè ẹ̀ sọ. Kó má lò ó ṣá, kó kàn dá a mọ̀ tó bá gbọ́ ọ.

Tíṣà_Alẹ́:
Ó dáa, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Olófìn-ín-tótó:
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò tíì débi ọ̀rọ̀ tó ń pa àwọn èèyàn. Sentarse àti sentirse.

Sentarse ni kéèyàn jókòó. Sentirse ni bó ṣe ń ṣe èèyàn, lára tàbí lọ́kàn. Ọ̀kan parí sí -ar, èkejì parí sí -ir. Ẹ wá wò ó. Tó o bá kàn ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí kì í ṣe àṣẹ, te sientas ni ti jíjókòó, te sientes ni ti bó ṣe ń ṣe ẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá wá di àṣẹ "má", torí pé fáwẹ̀lì gbọ́dọ̀ yí sí òdìkejì, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ibùgbé: no te sientes ahí, má jókòó síbẹ̀, no te sientas mal, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ ti yí pa dà!

Nítorí náà tí ẹnì kan bá wò ẹ́ lójú tó ní "no te sientes bien", kò pàṣẹ fún ẹ rárá, ohun tó ń sọ ni pé ara ẹ ò yá. Tó bá ní "no te sientes en esa silla", má jókòó lórí àga yẹn nìyẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e lo máa fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ọgbọ́n míì tí mo mọ̀ sí i ju kéèyàn béèrè lọ́wọ́ ara ẹ̀ pé -ar ni àbí -ir kó tó la ẹnu.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù náà, fáwẹ̀lì kan ló ń ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìròyìn. No te preocupas, ìròyìn nìyẹn, pé ìwọ kì í ṣàníyàn. No te preocupes, àṣẹ nìyẹn, má ṣàníyàn. Tó o bá gbé "a" síbi "e" pẹ́nrẹ́n, o ti kúrò lórí bíbá èèyàn kẹ́dùn, o ti bọ́ sórí pé o fẹ̀sùn kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Haaa! Sientes sientas yìí ni mo ti ń rí tí mo rò pé ìwé ló ń ṣàṣìtẹ̀. Ẹ ṣé o.

Ìbéèrè míì. Mo rí àkọlé lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin nínú fọ́tò kan: "No apoyarse en las puertas", má fara ti ilẹ̀kùn. "No" wà níwájú, síbẹ̀ "se" ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí. Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn!

Ọ̀rẹ́_Èdè:
Ojú ẹ mú gan-an, o kú akíyèsí. Kò tako ohun tá a sọ. Nínú àkọlé, ìkìlọ̀ ara ògiri, àlàyé inú ìwé bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú atúmọ̀ èdè, torí pé kò sẹ́ni pàtó tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá sì wà nípò yẹn, ìdí ẹ̀ ni "se" máa ń wà, "no" ò lè lé e kúrò. No fumar, no tocar, no apoyarse, no asomarse, ìdílé kan náà ni wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lẹni tó kọ ọ́ ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, no se apoye en las puertas ló máa kọ, wàá rí ìyẹn náà lára ògiri. Ìwọ má lọ dúró síwájú èèyàn kó o máa pe "no apoyarse" o, á dà bíi pé àkọlé ló ń sọ̀rọ̀.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí kì í sí nínú ìwé kún un. Àwọn èèyàn Latin Amẹ́ríkà, àwọn ìyá pàápàá, wọ́n máa ń ti "me" bọ àárín: no te me vayas, no te me caigas, no te me enfermes. "Me" yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan nínú gírámà ju kó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, bíi kéèyàn sọ pé "má ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́ o". Te me ni wọ́n ń tò ó, kì í ṣe me te.

Wọ́n sì máa ń sọ "no te vayas a caer" ju "no te caigas" lọ tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń rìn létí nǹkan, ìyẹn ni pé kó ṣọ́ra kó má lọ ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ "no vayas a caerte", méjèèjì dáa.

Olófìn-ín-tótó:
Ìyá Ìbejì, "vayas" tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn rán mi létí. Àwa máa ń sọ "má lọ" fún méjèèjì, àmọ́ no vayas àti no te vayas kì í ṣe ọ̀kan náà. No vayas a la reunión, má lọ síbi ìpàdé yẹn. No te vayas, má kúrò níbí. Ìgbà tí ẹnì kan bá ń múra àtilọ tó o fẹ́ dá a dúró, tó o bá fi "te" sílẹ̀, á máa wò ẹ́ pé ibo lo ní kóun má lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni no duermas, má sùn, àti no te duermas, má jẹ́ kí oorun gbé ẹ lọ. Ẹni tó ń wa mọ́tò lóru, èyí kejì ni wọ́n máa sọ fún un.

Alárìnká:
Tí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó ò gbọ́, wọ́n á fi "que" síwájú ẹ̀: ¡Que no te muevas! Mo ní kó o má mì! Tó o bá ti gbọ́ que yẹn, mọ̀ pé sùúrù ti ń tán.

Tíṣà_Alẹ́:
Kí n yára sọ ti sípẹ́lì kó má bàa kó wàhálà bá ẹ nínú ìwé kíkọ. Ọ̀rọ̀ tó parí sí -car, -gar, -zar máa ń yí kọ́ńsónáǹtì kó lè dún bákan náà níwájú "e": equivocarse, no te equivoques, ahogarse, no te ahogues, tropezarse, no te tropieces. Lẹ́nu, kò sí nǹkan tó yàtọ̀, inú ìwé nìkan ni.

Ó ku "lo" àti "la". Tí nǹkan míì bá tún wà tí èèyàn ò fẹ́ dárúkọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn "te" ló ń wà: póntelo, wọ̀ ọ́, no te lo pongas, má wọ̀ ọ́. Quítatela, bọ́ ọ, no te la quites, má bọ́ ọ. Ṣe ni wọ́n jọ ń wá síwájú, te kọ́kọ́, lo tẹ̀ lé e.

Ó yá àbúrò, kọ gbólóhùn díẹ̀ ká wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Ó dáa tíṣà, ẹ bá mi máàkì ẹ̀:
No te acuestes tarde. (má pẹ́ kó o tó sùn)
Señora, no se levante, por favor.
Chicos, no se rían de él.
No te olvida de las llaves.
La camisa está sucia, no te la pongas.
Abuelo, no se caiga.

Tíṣà_Alẹ́:
Mo gbóríyìn fún ẹ. Ẹ̀kẹrin nìkan ló yẹ̀, olvidarse, -ar ni, "te" sì wà níbẹ̀, torí náà no te olvides de las llaves. Ti chicos yẹn dáa fún Latin Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ Sípéènì, no os riais de él. Riais yẹn kì í gba àmì lójú àwọn RAE báyìí, má bi mí pé kí ló dé, ìyẹn máa gba odidi ìjíròrò míì.

Ìyá_Ìbejì:
Ti abuelo yẹn wù mí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pe bàbá àgbà wọn ní tú, wọ́n á ní "abuelo, no te caigas" tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Láwọn apá ibì kan ní Kòlóńbíà ńkọ́, usted, ìyẹn "ẹ̀yin" ti àgbà kan, ni wọ́n ń fi bá ọ̀rẹ́ àti ọmọ inú ilé pàápàá sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí àwọn ará ilé yẹn ń lò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Ó ti yé mi, mà. Ẹ ṣé gan-an. Tíṣà, mo ń bọ̀ wá ṣí ti riais yẹn lọ́tọ̀, no se me escape o!

Tíṣà_Alẹ́:
Wò ó, ó ti ń fi "se me" bú mi 😂 No me escapo, àbúrò, ṣí i.